Ẹ Má Jẹ Edé Màmá

Abereke

Ẹ̀gbọ́n mi Kọ́lájọ,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa Adétutù, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kú òtútù Jos. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, ọkọ mi sì ti tún ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Àsìkò edé ti dé, ṣùgbọ́n epo rọ̀bì ṣàn wọ inú omi wa lóṣù tó kọjá. Màmá ṣì yan edé, ó kó o sínú ìkòkò amọ̀ tí Ìyá àgbà fi sílẹ̀ fún un, bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún.

Mo ní, "Màmá, epo ń rùn lára edé yìí."

Ó ní, "Èéfín igi ni. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní edé yíyan?"

Ó fi se ọbẹ̀. Mósè ọmọ mi fi jẹ púpurù, ó sì bì títí ojú rẹ̀ fi jìn wọlé. Ara rẹ̀ ti ń yá báyìí, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Nígbà tí mo fẹ́ da ìyókù nù, Màmá di ìkòkò náà mú, ó bú sẹ́kún: "Kí ni kí n wá fún àwọn ọmọ mi jẹ?" Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ti fi tiyín rán awakọ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sọ fún Màmá bó ṣe rí. Ẹ̀yin ni àkọ́bí. Ọ̀rọ̀ tiyín nìkan ló máa ń gbà.

Kí Olúwa ṣọ́ ilé yín, kí ó sì jẹ́ kí ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ yín ṣáájú edé náà.

Àbúrò yín,
Rhoda