Irin Tó Mọ Ìgbà Tí Ooru Tó

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti sàn. Bàbá ṣì ń ráhùn pé alágbẹ̀dẹ tí kò ríran mọ́ ò wúlò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ ní ṣọ́ọ̀bù mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó aṣọ oníbàárà. Atúnẹ̀rọṣe yọ irin pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú rẹ̀. Ó ní bí ooru bá pọ̀ jù, wọ́n á tẹ̀, wọ́n á dún díẹ̀, wọ́n á sì pa iná ẹ̀rọ náà. Ó kó wọn sórí páànù gbígbóná. Àwa ò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá, tó tẹ̀ lé mi wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ní, "Méjì dún. Ti ọ̀tún yadi."

Atúnẹ̀rọṣe yẹ̀ ẹ́ wò: òun ló bà jẹ́ lóòótọ́! Ẹnu yà wá. Bàbá ń fọwọ́ pa irin náà: "Àṣé irin mọ ìgbà tí ooru tó!"

Láàárọ̀ yìí, Bàbá ṣáájú mi dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun wá ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, kí ẹ bá a yọ̀. Ilé yín á tòrò.

Àbúrò yín, alágbàfọ̀