Wáyà Tí Mo Wé Mọ́ Fíúsì

Bàbá mi tí ohùn mi ò lè bá lórí rédíò mọ́,

Oṣù mẹ́rin rèé tí a ti sin yín ní Houston níbí. Màmá ṣì ń bá fọ́tò yín jà. Lójú wọn, orí kunkun yín àti rédíò tí ẹ so mọ́ bátìrì ọkọ̀ ló pa yín. Ohun tí gbogbo ará mọ́sáláṣí náà gbà nìyẹn. Mo sì dákẹ́.

Bàbá, èmi ni.

Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ ìjì yẹn, tí fóònù gbogbo àdúgbò wa ní Katy kú. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ ń bá àwọn ará Baytown sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ẹ ń wádìí àwọn tí omi ká mọ́lé. Fíúsì ẹ̀gbẹ́ bátìrì jó, a pààrọ̀ rẹ̀, ó tún jó. Ẹ rán mi lọ ra òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù ti tì, omi ti bo títì, àwọn èèyàn sì ń dúró de ohùn yín. Ni mo bá ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é nílé ní Èkó: mo fa fọ́nrán wáyà kan yọ, mo wé e mọ́ fíúsì tó ti jó, mo dá a padà sáyè rẹ̀. Rédíò sọ̀rọ̀. Inú yín dùn, ẹ sì gbàdúrà fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé fíúsì sókè lójú fèrèsé, tí ẹ ó di ojú kan kí ẹ tó gbà pé ó dára. Kí ló dé tí ẹ ò yẹ tèmi wò? Ṣé torí pé ọmọ yín ni mí?

Wáyà tó ń gbé iná lọ sí rédíò ti họ níbi tó ti gba ara irin ọkọ̀ kọjá. Fíúsì ń jó kí ọkọ̀ má baà jó ni, èmi ni mi ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, iná ràn lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ẹ wọ inú ọkọ̀ lọ fa rédíò yín jáde, èéfín sì dì yín láyà. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ lò ní ọsibítù.

Nígbà tí iná kú, mo yọ fíúsì náà, mo fi í pamọ́ sínú agolo ìpara tí ẹ ń kó fíúsì sí. Ojú ń tì mí, Bàbá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Oṣù mẹ́rin ti tó mi.

Lẹ́yìn ìrun Ásárì lónìí, màá gbé agolo náà síwájú Màmá. Bóyá wọn ò ní lè wo ojú mi mọ́. Kí wọ́n ṣáà fi fọ́tò yín sílẹ̀.

Mo fẹ́ràn yín.

Ọmọ yín tí ẹ ò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.