Ìyá Ọjọ́-Òjò àti Òrùlé Tó Ku Páànù Kan

Yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni a bí olóògbé sí, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta, ọdún 1966. Bíríkìlà ni bàbá tó bí wọn, aránṣọ ni ìyá wọn, àwọn sì ni ọmọ kejì nínú mẹ́rin. Lọ́jọ́ náà, orí ilé alájà kan ni bàbá wọn wà, níbi tí wọ́n ti ń da kọ́ńkéré, iṣẹ́ tí a kì í bẹ̀rẹ̀ ká fi sílẹ̀ láàárín. Nígbà tí wọ́n fi máa sáré délé pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lẹ́sẹ̀, ọmọ ti mu ọmú, ó ti sùn. Ìyàwó wọn ní, “Ẹ kú àpẹ́. Ọmọ yín ti ṣáájú yín dé.” Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà, Màmá wa, ti ń dé lásìkò. Ohun tó jẹ́ kí lílọ wọn ṣì dà bí irọ́ létí wa nìyẹn. Màmá tiwa, tí wọn kò pẹ́ rí láìránṣẹ́ sílé, ni wọ́n dìde láàárín iṣẹ́ tí wọ́n lọ láìdágbére!

Ní 1972 ni Màmá wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1985, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí obìnrin méjì péré wà ní kíláàsì ilé kíkọ́. Kò pẹ́ tí èkejì fi sá lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ kan wá bi Màmá bóyá àwọn náà kò ní tẹ̀lé e. Wọ́n ní, “Rárá, sà. Mo ń dúró kí àwọn ọkùnrin yìí parí ìṣirò tí mo ṣe lánàá.” Ipò kìíní ni wọ́n fi jáde ní 1988.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ sìmẹ́ǹtì àti irin. Wọ́n kíyè sí i pé gbogbo ilé tí ọ̀gá náà ń kọ́ ló ń pẹ́, tó sì ń gbówó kọjá ohun tí wọ́n dá lé e. Òjò ọjọ́ méjì á dá àwọn tó ń rẹ́ ògiri dúró, àwọn onítáìlì á ti dé, wọ́n á jókòó, owó iṣẹ́ wọn á sì máa lọ. Màmá wá kọ ìwé ètò iṣẹ́ tuntun. Wọ́n fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá wọ́n sì ya ọjọ́ mélòó kan sọ́tọ̀ fún òjò. Ọ̀gá fi wọ́n rẹ́rìn-ín pé, “Ṣé ìwọ lò ń rọ òjò ni?” Ṣùgbọ́n ilé yẹn parí lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Bí wọ́n ṣe di Ìyá Ọjọ́-Òjò nìyẹn, kí wọ́n tó bí ọmọ kankan.

Ní 1993 ni wọ́n pàdé Bàbá wa. Káfíńtà ni Bàbá, àwọn ló ń kan òrùlé ilé alájà méjì kan tí ètò rẹ̀ wà lọ́wọ́ Màmá. Ọjọ́ méjìlélógún ni ìwé fún òrùlé yẹn. Ó pé ọjọ́ méjìlélógún, ó ku páànù kan. Ó di ọjọ́ kẹtàlélógún, ó ku páànù kan náà. Màmá, tó máa ń rí ìdí gbogbo ìdádúró, wá a títí, wọn kò rí i. Igi wà, páànù wà, oòrùn ń ràn yòò. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n ká ṣòkòtò wọn sókè, wọ́n gun àkàbà.

“Káfíńtà, kí ló ń dá iṣẹ́ yín dúró?”

“Ìṣó ló tán, Ọ̀gá.”

Màmá fa ìdì ìṣó yọ nínú báàgì wọn. “Ìṣó rèé.”

“Òòlù mi ti sọnù.”

“Èyí tí ẹ jókòó lé yẹn ńkọ́?”

Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Bàbá sọ òtítọ́ wàyí. “Ọ̀gá, tí mo bá kan páànù yìí, iṣẹ́ ti parí. Tí iṣẹ́ bá sì ti parí, ẹ ó máa lọ nìyẹn.”

Màmá yí padà sí àkàbà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì yẹ̀ níbi tó kángun sí ilẹ̀, àwọn tó ti ń gun àkàbà láti kékeré. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ́jọ́ náà, wọn kò fi han ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù kẹrin, ọdún 1994. “Ọ̀gá” ni Bàbá ń pe ìyàwó wọn títí dé òpin, “Káfíńtà” sì ni Màmá ń pe ọkọ wọn.

Ní 2003 ni wọ́n di alábòójútó àgbà. Màmá kì í ti ara owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ dín ìnáwó kù. Wọ́n á wọn irin kí a tó gé e, débi pé àgékù irin gbogbo ilé kan kò ju ẹrù ọmọlanke kan lọ. Ní 2011, onílé kan ń kánjú, ó ní kí wọ́n yọ àwọn igi tó gbé kọ́ńkéré òkè dúró nígbà tí kò tíì gbẹ. Màmá ní, “Kò burú, sà. Ẹ gbé àga yín wá sábẹ́ rẹ̀, kí ìyàwó yín náà gbé tirẹ̀ wá, ká wá yọ ọ́.” Onílé náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ilé yẹn dúró dòní, ó ní ìyẹ̀wù mẹ́rìndínlógún.

Màmá fẹ́ràn Ọlọ́run wọn. Nígbà tí ilé ìjọsìn ń jò ní 2016, àwọn ló ṣètò àtúnṣe rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Àwọn náà ló kó àwọn aládùúgbò jọ tí a fi gbẹ́ gọ́tà òpópónà wa, tí omi kò wọlé wa mọ́.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà fún àwọn ọmọ àdúgbò ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn. Bàbá, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, mú òòlù padà kí àwọn méjèèjì lè jọ ṣe é. Màmá ya ọjọ́ márùn-ún sọ́tọ̀ fún òjò, wọ́n sì sọ fún Bàbá níwájú wa pé, “Káfíńtà, tí òjò kò bá rọ̀, ọjọ́ márùn-ún yẹn, tiwa ni. Ẹ ó mú mi lọ wo òkun.” Òjò kò rọ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Màmá wà níwájú pátákó ètò iṣẹ́, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí ẹnì kan fún àwọn lómi. Wọ́n jókòó. Kí omi tó dé, Màmá ti lọ. Wọn kò ṣàìsàn. Wọ́n ti jẹun àárọ̀, wọ́n ti bá akunlé jà. 

Nílé ìwòsàn, Bàbá ṣí ìwé Màmá síwájú dókítà. “Ẹ wò ó, dókítà. Túsìdeè, kíkùn ògiri yàrá kẹrin. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.” Dókítà ka ojú ìwé náà, ó sì dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì. Kò mọ ẹni tó yẹ kó dá a padà fún.

Ẹ̀yin tí ẹ wá síbi ìsìnkú lọ́jọ́ Fúráìdeè tó kọjá, tí a bẹ̀ yín pé kí ẹ padà sílé, ẹbí tọrọ àforíjì, àlàyé rẹ̀ sì nìyí. Láti ọjọ́ Mọ́ńdeè ọ̀sẹ̀ náà ni òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ti ku páànù kan. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń gòkè, tí wọ́n ń jókòó tì í. Olórí bíríkìlà ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín kàn án.” Wọ́n ní, “Ẹ fi í sílẹ̀.” Lọ́jọ́ Fúráìdeè tí èrò ti pé, Bàbá wà lórí òrùlé pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn, a kò sì lè sin Màmá láìsí wọn. Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin gun àkàbà lọ bá wọn pẹ̀lú ìwé àtijọ́ kan tó rí nínú àpótí Màmá.

“Bàbá, ẹ wo ohun tí Màmá kọ ní 1993.”

Ìdádúró òrùlé: òjò, ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá tẹjú mọ́ ọn. “Òjò wo? Oòrùn ló ràn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn!” Irọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú gbogbo ìwé Màmá nìyẹn, nítorí Bàbá ni wọ́n sì ṣe pa á. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì di ẹkún.

Ọmọ náà rọra ní, “Bàbá, ọjọ́ márùn-ún yín ti pé lónìí.”

Bàbá mú ìwé ètò ilé ẹ̀kọ́ tí Màmá fi sílẹ̀, wọ́n yọ pẹ́ńsùlù létí. Nínú oòrùn yẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ìdádúró òrùlé: òjò, ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n wá mú òòlù. Gbogbo wa tó wà nílẹ̀ ń gbọ́ ọ, ìṣó kan, ìṣó kan, títí ó fi dákẹ́. Ní ọjọ́ Mọ́ńdeè, àwọn ọmọ wọlé lọ kàwé, lọ́jọ́ tí Màmá dá gan-an.

Olóògbé fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méjì àti àbúrò méjì sáyé. Ìyá wọn tó bí wọn, aránṣọ, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, ṣì ń béèrè pé ṣé ọmọ òun ti dé láti ibi iṣẹ́.

Ohun tí Bàbá wí lórí òrùlé nígbà tí ìṣó ìkẹyìn wọlé ni ẹbí fi ń sin Màmá sọ́nà: “Ọ̀gá, iṣẹ́ ti parí. Ẹ máa lọ.”

Ẹ sùn ire o, Ìyá Ọjọ́-Òjò. Kí Ọlọ́run fi òrùlé tí kò ní jò bò yín.