Ẹkúndayọ̀, Má Dá Gun Òkè Yìnyín Yẹn

Nílé Ọmọ́kẹ́mi,
Glenn Dale, Maryland.

Ẹkúndayọ̀ Àlàó, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù, mo sì tún kí ọ kú aráfẹ́rakù, nítorí pé àwọn èèyàn ti ń dáwọ́ ìkíni yẹn dúró, bẹ́ẹ̀ èmi mọ̀ pé kò tíì tán lára rẹ, bí kò ṣe tíì tán lára èmi náà. Ọlọ́run tó mú mi gba inú òfuurufú kọjá láti Ìgbẹ́tì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ ní Denver tí o wà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Pépà ìgbélùú rẹ tí o ń retí yóò jáde, lọ́yà yóò sì pè ọ́ fúnra rẹ̀, kò ní jẹ́ ìwọ ni wàá máa pè é.

Bí o bá fẹ́ béèrè tèmi, ara mi le, orúnkún mi nìkan ló ń bá àtẹ̀gùn ilé yìí jà. Ọmọ́kẹ́mi wà dáadáa, àmọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yìí ń jẹ ẹ́ lára. Bó bá ti ọsibítù dé, á kọ́kọ́ jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé kó tó wọlé. Mo bi í pé ta ló ń dúró dè, ó ní òun ń dúró de ara òun ni. Felix ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti fi jẹ ọ̀gá ní Beltsville. Anna ọmọ wọn ń gbọ́ Yorùbá tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, nítorí náà ẹ̀rín tí àwa méjèèjì ń rín pọ̀ ju ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lọ. Láti ilé, Sàláhúdéènì aládùúgbò wa pè mí, ó ní kajú tí Bàbá gbìn so gan-an lọ́dún yìí, òun kò sì mọ ẹni tí òun yóò pè wá ká a. Mo ní kí ó ká a, kó fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú bírò dípò fóònù ni pé, nígbàkígbà tí mo bá pè ọ́ tí mo fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, o máa ń ní, Mọ́mì, mo ti gbọ́, ohùn rẹ á sì yí padà, èmi náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí o jẹ. Kò sí ẹni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́tà lẹ́nu. Jọ̀ọ́, kà á dé ìsàlẹ̀.

Nígbà tí Ọmọ́kẹ́mi kọ́kọ́ sọ fún mi pé Ẹkúndayọ̀ fẹ́ lọ sórí òkè, pé yóò sùn síbẹ̀, pé ó ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, orí kápẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí. Ta ni kò mọ ohun tí Kristẹni ń wá lọ sórí òkè? Mo ní ọmọ mi ti rántí àdúrà. Mo rò pé wọ́n ní orí òkè àdúrà ní Denver náà, pé wòlíì kan wà níbẹ̀ tó ń bójú tó àwọn tó ń gbààwẹ̀, pé wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀, tí omi mímu sì wà. Inú mi dùn débi pé nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìdúpẹ́ jáde síwájú, mo jáde. Mo ní kí ìjọ bá mi yọ̀, ọmọ mi tí kò lè wá sin bàbá rẹ̀ ń lọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lórí òkè. Ìjọ pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Fẹ̀yìntọlá, tí òun náà jẹ́ opó, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, àbúrò mi, ṣé ọmọ rẹ lè bá mi gbé ẹ̀bẹ̀ kan dání lọ? Kí n tó mọ̀, àwọn mìíràn ti gbọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kọ tiwọn, ọkùnrin kan tó ń wakọ̀ ẹrù ní Landover kọ tirẹ̀, obìnrin kan ní kí o ṣáà bá òun sọ fún Ọlọ́run pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ alẹ́ kúrò lọ́rùn òun, pé Ọlọ́run mọ orúkọ ọ̀gá náà. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpòòwé. Felix rí i, ó ní, ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì, àwọn tó ń gun irú òkè yẹn máa ń wọn ẹrù wọn débi pé wọ́n ń gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kù kí ó lè fúyẹ́. Mo ní ẹni tó ń gé búrọ́ọ̀ṣì kò tíì mọ ohun tó wúwo. Síbẹ̀ mo ní kí Ìyá Fẹ̀yìntọlá tún tirẹ̀ kọ, kí ó kéré.

Àṣé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Páálí kan dé sí ẹnu ọ̀nà wa, orúkọ rẹ ló wà lára rẹ̀, nítorí pé àdírẹ́ẹ̀sì ilé yìí ni fóònù rẹ ṣì mọ̀ láti ìgbà tí o ń gbé níbí. Mo rò pé ẹ̀bùn tèmi ni, mo tú u. Mo rí irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà. Mo rí àáké kékeré kan tó rí ṣóńṣó, mo sì ń bi ara mi pé igi wo ni wọ́n fẹ́ kí èèyàn gé lórí òkè àdúrà. Mo rí garawa oníke kan tó ní ìdérí, mo ní ti ìṣínu nìyí, mo wá da gààrí sínú rẹ̀, mo fi kúlíkúlí lé e, mo dé e. N kò lè ṣí i mọ́. Mo gbà á mọ́ra, mo fún un, mo gbàdúrà sí i, kò ṣí. Nígbà tí Felix dé, kọ́bọ̀ ni ó fi ṣí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní nítorí béárì ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ó má baà jẹ oúnjẹ ẹni. Béárì! Èyí tí Dáfídì pa nínú Bíbélì nìkan ni mo mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi pe Ọmọ́kẹ́mi, mo ní, jókòó, sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, má fi Gẹ̀ẹ́sì bò ó.

Ó sọ ọ́. Ó ní kò sí wòlíì, kò sí ẹní, kò sí ẹnì kankan. Ó ní ìwọ fúnra rẹ ni wàá gbé àgọ́ àti oúnjẹ pọ̀n sẹ́yìn, tí wàá máa rìn. Ó ní bí ewé ṣe ti yọ lórí igi níbí yìí, yìnyín ọdún tó kọjá ṣì wà lókè níbẹ̀, kò tíì yọ́ tán. Ó ní yìnyín yẹn máa ń le bí dígí láàárọ̀, pé òun ni irin eléyín àti àáké náà wà fún, ó sì máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tó bá di ọ̀sán, pé omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ tí ojú kò rí, èèyàn á rò pé ilẹ̀ ni òun tẹ̀. Ó ní ìwọ àti Mùíbì ọ̀rẹ́ rẹ ni ẹ jọ ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n Mùíbì ti ṣèṣe ní orúnkún, o sì ti ní o máa dá lọ. Ó ní kí n má bẹ̀rù. Bẹ́ẹ̀ aṣọ kan náà ló ń ká, tó ń tú, tó tún ń ká.

Nǹkan kan wà nínú fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ, àmì róbótó búlúù kan, ó ní ìwọ nìyẹn, pé ibi tí o bá wà ló ń fi hàn. Tó bá ti iṣẹ́ dé, mo máa ń ní kó fi hàn mí, mo sì máa ń kí i, mo ń bi í bóyá ó ti jẹun. Felix wá ṣàlàyé fún mi pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì lórí òkè náà, pé ibi tí o bá gbé mọ́tò sí ni àmì náà yóò dúró sí títí o fi máa padà. Mo ní, bí nǹkan bá ṣe ẹni tó ni ín ńkọ́? Ó ní yóò ṣì dúró síbẹ̀. Àlàó, láti ìgbà náà, n kò kí àmì yẹn mọ́.

Èmi kò mọ yìnyín. Ṣùgbọ́n omi tó sùn ni, omi ni mo sì mọ̀. O kéré nígbà tí a ń dá oko òdìkejì odò, bóyá o kò rántí. Nígbà òjò, Bàbá á dé etí odò, wọ́n á ti igi bọ̀ ọ́, wọ́n á wò ó. Bí wọn kò bá mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà, wọ́n á yí padà wálé pẹ̀lú ebi, kí iṣu máa jẹrà lóko. Àwọn ọkùnrin tó kù ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń kí wọn ní ẹ káàbọ̀ o, ìyàwó ilé. Bàbá á kọjá wọlé. Wọ́n máa ń sọ fún mi nínú yàrá pé odò kò ní gbé oko lọ, bí ó bá fà, a óò bá a níbẹ̀. Odò yẹn gbé ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ náà lọ, a kò sì rí i sin. Ọmọ ẹni tó ń yí padà ni ọ́. Bàbá kì í ṣe ojo.

Mo mọ ìdí tí o fi fẹ́ lọ. Má bínú sí Ọmọ́kẹ́mi, èmi ni mo fi dandan mú un. Ó ní o sọ pé gbogbo wa la dúró létí sàréè Bàbá, inú fóònù nìkan ni ìwọ ti rí i, àwòrán náà ń dúró, ó ń gé, ìgbà tí wọ́n sì fẹ́ da erùpẹ̀ gan-an ló já pátápátá. O ní ògiri ilé tí o ń gbé fẹ́lẹ́, bí o bá sunkún bó ṣe yẹ, aládùúgbò lè pe ọlọ́pàá. O ní o ń wá ibi tí èèyàn ti lè kígbe.

Ohun tí fóònù kò jẹ́ kí o rí nìyí. Nígbà tí Ọmọ́kẹ́mi da erùpẹ̀ tirẹ̀ tán, àlùfáà ní ó tó. Mo ní kò tíì tó. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo ní, Bàbá Ọmọ́kẹ́mi, ti Ẹkúndayọ̀ rèé, ọ̀nà ló dí i. Mo dà á. Nítorí náà, o ti sin bàbá rẹ. Ẹkún nìkan ló kù, ẹkún kì í sì í kánjú.

N kò ní kí o má lọ. Mo ní kí o jẹ́ kí omi yẹn yọ́ tán, kí ó ṣàn lọ, kí ojú ọ̀nà hàn, kí orúnkún Mùíbì sì san, kí ẹ jọ lọ. Àáké àti irin eléyín rẹ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Felix ní kí n jẹ́ kí òun fi ránṣẹ́ sí ọ, mo kọ̀. Bínú sí mi bí o bá fẹ́. Ọmọ tó ń bínú sí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Mo ti ṣàlàyé fún Ìyá Fẹ̀yìntọlá pé kì í ṣe orí òkè àdúrà, mo fẹ́ dá ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ padà, ó ní kí n fi sílẹ̀ níbẹ̀, pé òkè ni òkè ń jẹ́.

Owó tí mo fẹ́ kí o bá mi wá ni owó bàálù tí yóò gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ nígbà náà. N kò béèrè owó mìíràn, n kò ra aṣọ, n kò sì ní gun òkè. Ìsàlẹ̀ níbi tí ẹ bá gbé mọ́tò sí ni màá jókòó sí. Bí o bá dé òkè, kígbe pe Bàbá bó ṣe wù ọ́, má fi ohùn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí igbe náà kò bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, èmi yóò máa bá Bàbá dáhùn.

Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ yóò gbà ọ́. Ibi tí o bá sùn, wàá jí níbẹ̀. Ojú mi kò ní rí sàréè rẹ. Ìwọ ni wàá sin mí, Àlàó, lọ́jọ́ alẹ́, nígbà tí mo bá gbó, tí mo tọ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò bá ọ da erùpẹ̀ tìrẹ, ọwọ́ ara rẹ ni wàá fi bù ú.

Èmi ni,
ìyá rẹ.