Omi Tó Wà Láàárín Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Ondina,

Ẹ kú ewu ìjì, ẹ kú ìfaradà. Mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń sùn nínú ilé ìwé ní El Progreso. Ṣé ikọ́ Màmá ti rọlẹ̀? Ara mi le. N kò tíì ní ẹni tí a jọ ń jẹun ní Houston, ṣùgbọ́n mo ti rí ìyẹ̀fun àgbàdo tó dára fún tòtíyà.

Ẹ ní Bàbá rí máàpù omíyalé tí ilé iṣẹ́ wa ṣe lórí fóònù, pé oko ti gbẹ, òun fẹ́ padà sílé ní Sátidé. Máàpù yẹn kò tọ̀nà. Ẹ̀rọ ojú ọ̀run tó ń rí ilẹ̀ bí ìkùukùu bá tilẹ̀ bò ó ló ya àwòrán rẹ̀. Omi tó tẹ́ rẹrẹ máa ń dúdú níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó dúró láàárín igi máa ń funfun. Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi rí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa tó funfun báláú, wọ́n pè é ní ilẹ̀ gbígbẹ.

Mo na ọwọ́ sókè níbi ìpàdé, mo ní omi ló wà níbẹ̀. Wade tó jókòó tì mí ní, "Háà! Ṣé o ń sọ̀rọ̀ ni? A ti rò pé odi ni ẹ́!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa tún un wò, ó ní òótọ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ Bàbá pamọ́. Bí ó bá bínú, ẹ ní èmi ni mo rán yín. Kí Ọlọ́run dá a sí fún wa, kó lè bú mi tẹ́rùn nígbà tí mo bá dé.

Àbúrò yín,
Nohelia