Ilẹ̀ Rẹ Tí Mo Fún Odò

Naraguta, Jos
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹsàn-án, 1984

Ìbíkúnlé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé àlàáfíà ni Bùnmi ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ariwo Èkó yẹn? Kí Olúwa má jẹ́ kí ẹ̀yin àti ohun búburú pàdé lọ́nà. Èmi àti ìyá rẹ ń bẹ láàyè, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi jà, òtútù ibí sì ń gbè é lẹ́yìn.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O béèrè bóyá ilẹ̀ tí mo fi pamọ́ fún ọ lẹ́bàá odò ṣì wà, pé o fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó ka èyí tó kù. Mo ti fi í fún odò.

Má kígbe. O rántí pé lọ́dún tó kọjá omi wọlé bá wa, àpótí aṣọ ìyá rẹ ń léfòó káàkiri pálọ̀. O ní ká kó wá sí Èkó, ìyá rẹ sì ń sunkún pé òun ò fẹ́ fi ilé òun sílẹ̀. Ohun tí n kò sọ fún ọ nígbà náà ni pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ kùsà, èmi ni mo di okùn ìwọ̀n mú tí wọ́n fi gbẹ́ odò náà kó lè lọ tààrà bí ọ̀nà rélùwéè. Ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ni ìjọba bá rán obìnrin kan wá, Kaneng, ọmọ Birom, kò tó àbúrò rẹ Péjú lọ́jọ́ orí, ó wọ bàtà rọ́bà tó dé itan. Mo ń retí katakata àti sìmẹ́ǹtì, koríko ló kó wá, koríko jéma onígbòǹgbò gígùn, pẹ̀lú ọ̀parun. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo rò pé owó ló tán lọ́wọ́ ìjọba, mo ní kí ìyá rẹ bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní haba Baba, owó kọ́ ni wàhálà, eré tí omi ń sá ni, omi náà ń fẹ́ ibi tí yóò ti sinmi. Ó lọ ń bi àwọn àgbà Birom lọ́kọ̀ọ̀kan pé níbo ni odò ń yà sí nígbà èwe wọn. Gbogbo wọn nawọ́ sí ilẹ̀ rẹ. Fadama ni, àbàtà tí omi ń tẹ́ sí kí àwọn òyìnbó kùsà tó dé. Ọmọ náà gbọ́n o! Èmi gbé ibí fún ọgbọ̀n ọdún, n kò béèrè rí.

Ó tún ri pákó funfun kan mọ́ inú odò, ó kún fún ìlà àti nọ́ńbà bíi rúlà àwọn télọ̀. Mo bi í pé irú aṣọ wo ni wọ́n fẹ́ rán fún omi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Ó wá fún mi ní fọ́ọ̀mù pé kí ẹni tó ni ilẹ̀ kọ ọ́, kó sì fọwọ́ sí i. Èmi kì í purọ́ sínú ìwé ìjọba, odò ni mo sì ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà fún. Orúkọ: Odò. Iṣẹ́: ṣíṣàn. Ọjọ́ orí: ó jù mí lọ. Níbi ẹ̀sìn, mo kọ Onítẹ̀bọmi, nítorí inú rẹ̀ ni pásítọ̀ ti tẹ̀ ọ́ bọmi. Níbi ìtẹ̀ka, mo gbé ìwé náà lọ sétídò, mo fi omi kàn án díẹ̀. Kaneng ní ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ti gbé e kọ́ sára ògiri nínú gíláàsì. Mo gbà pé kó má baà tún rin ni.

Wọ́n la etí odò, wọ́n gbé òkúta àti ìtì igi sí i kó lè máa yà, wọ́n gbin koríko. Nínú oṣù kẹjọ, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ìyá rẹ ti di ẹrù. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo rí omi náà tó ń bọ̀ tìbínútìbínú, ó dé ilẹ̀ rẹ, ó yà, ó tẹ́ rẹrẹ sáàárín koríko, ó dákẹ́. Kò kan ògiri wa. Mo ṣí fìlà fún un, mo sì sunkún ayọ̀. Ìyá rẹ tú ẹrù rẹ̀, ó ní madalla, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, òun ò lọ síbì kankan mọ́.

Ó ku owó. Òdìkejì odò kò tíì ní koríko. Bá mi kí ẹni tó ń ṣọ́ owó rẹ ní báńkì, kó fún ọ díẹ̀ nínú ti búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n náírà tí ìwọ gan-an gbé fún un ni kó dá padà, kó má fi ti ẹlòmíràn rọ́pò.

Ilẹ̀ kan ṣì wà lórí òkè lẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbẹ táútáú. Mo ti fi í pamọ́ fún sàréè mi. Kọ́lé rẹ síbẹ̀. Èmi lè lọ sí itẹ́ òkú ìjọ, ẹnì kan ṣoṣo ni mí, n kò ní gba àyè. Ìwọ lo ní ìyàwó àtọmọ mẹ́ta.

Wàá kọ́lé, wàá dàgbà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, bí ìwọ náà yóò ṣe sin mí, níbikíbi tó bá gbẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínladé Ògúnníyì