Abẹ́rẹ́ Tí Àrùn Ojú Kò Rí Gbà Lọ́wọ́ Màmá Qiu Yunzhu

Ẹ̀yin ẹbí àti ará tí ẹ bá wa péjọ síbi ìsìnkú yìí, Zhenhu lẹ́bàá adágún Taihu ni wọ́n ti bí màmá wa, ní 1943. Apẹja ni bàbá wọn, Qiu Maosheng. Ìyá wọn, Gu Erbao, ń fi òwú sílíkì ṣe ọnà sára aṣọ. Ọdún mẹ́rin péré ni màmá lò nílé ìwé. Kí wọ́n tó pé mẹ́wàá, wọ́n ti ń la fọ́nrán òwú kan sí mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá rò pé eré ni, kó dán an wò.

Ní 1964, wọ́n fẹ́ bàbá wa, Bian Delin, tó ń kan férémù, igi tí wọ́n ń na aṣọ ọnà sí.

Ní 2009, awọ inú ojú ọ̀tún wọn ṣí kúrò láyè rẹ̀. Dókítà Shen ṣiṣẹ́ abẹ, ó fi afẹ́fẹ́ tẹ awọ náà mọ́lẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dojú bolẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí afẹ́fẹ́ náà lè dúró síbẹ̀. Màmá ní ohun táwọn ti ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Wọ́n dojú bolẹ̀ lóòótọ́, lórí férémù, wọ́n ń fi ojú òsì ṣe ọnà lọ. Àwa ọmọ rò pé òfin ni wọ́n ń pa mọ́. A tiẹ̀ ń gbé ẹ̀kọ ìrẹsì bá wọn níbẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, awọ náà ya létí. Dókítà ní òun kò lè búra pé abẹ́rẹ́ ló fà á, àmọ́ ojú tó ń sáré tẹ̀lé abẹ́rẹ́ kò sinmi. Ó ní àfi kí àwọn fi iná lésà jó etí ibi tó ya kó lè lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú lọ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n sì jáwọ́ nínú ọnà pátápátá.

Ẹ̀rù bà wọ́n, a kò ní purọ́. Wọ́n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ ń ta wọ́n lójú léraléra, wọn kò mira. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n sọ fún dókítà pé: "Ọmọ mi, o ṣeun. Ojú ni mo gbé wá fún ẹ, o sì ti tún un ṣe. N kò gbé abẹ́rẹ́ wá."

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n sinmi, ọjọ́ kan kò lé. Ẹ̀gbẹ́ ojú náà ṣókùnkùn títí ayé. Wọ́n ní àárín ṣì wà. Láti ìgbà náà, ọmọṣẹ́ wọn tó bá ní òun ń rí mànàmáná tàbí eérú tó ń fò lójú, tí í ṣe àmì àrùn náà, màmá fúnra wọn ló ń fà á lọ sílé ìwòsàn. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọṣẹ́ náà ń ríran lónìí nítorí ìyẹn. Màmá tún ṣe ọnà aṣọ ìkélé tẹ́ńpìlì Guanyin, òrìṣà àánú, wọn kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá wọn fọwọ́ kàn án.

Wọ́n fi àwa ọmọ wọn, Bian Hongtu àti Bian Ruojin, sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta àti ọmọ ọmọ-ọmọ kan. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, wọ́n fọwọ́ bo ojú òsì, wọ́n sì fi ojú ọ̀tún ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ ọ̀hún wà lọ́wọ́ wọn nínú pósí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó lọ bá wọn.

Màmá, ẹ sinmi ire. Ẹ di ojú náà wàyí. Ẹ̀yin lẹ dì í, kì í ṣe àrùn.